Ọ̀rọ̀ Òrùlé Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ìjà tí èmi àti àbúrò mi jà ní ọdún 2023 kò dá lórí ilẹ̀, kò dá lórí ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò dá lórí owó. Ihò kan tí kò tí ì sí ni a tìtorí rẹ̀ jà. Àbúrò mi fẹ́ kí a lu òrùlé ọkọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, kí a fi gíláàsì tó ṣeé ṣí, tó sì ṣeé tì, sí ojú ibẹ̀, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè máa rí ojú ọ̀run. Sọ́nrúùfù ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi ní kò ní ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Odindi oṣù méjì ni a fi ń kí ara wa lórí tẹlifóònù bí ẹni ń kí àlejò. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fi wá rẹ́rìn-ín. Kí ni irin àti gíláàsì já mọ́ tí ọmọ ìyá méjì yóò fi máa fajúro sí ara wọn? Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ ni mo ń rí i pé kì í ṣe òrùlé nìkan ni à ń jà lé lórí. Ohun tí a jogún ni, àti ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà lò ó.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ lásán. MGB GT ni, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kúkúrú, abìdí-nílẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ràn eré sísá ju ẹrù rírù lọ. Ìlú Abingdon, nítòsí Oxford, ni ilé-iṣẹ́ MG ti ń ṣe é. Ní ọdún 1962 tí MGB kọ́kọ́ jáde, òrùlé aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn ni ó ní. Ní ọdún 1965 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní GT jáde, tí òun ní òrùlé irin. Ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá wọn ya àwòrán òrùlé náà. Títí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní ọdún 1980, iye MGB tí wọ́n ṣe lápapọ̀ lé ní 500,000, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Ẹ ó rí i pé òrùlé yẹn gan-an ló sọ GT di GT. Èyí ni mo gbá mú nígbà tí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Àlòkù ni bàbá wa ra tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó níbẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1971 ni bàbá wa kó o wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá. Apá ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà, nítorí pé apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà ní Nàìjíríà nígbà náà gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Kò pé ọdún kan tí nǹkan fi yí padà: ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo orílẹ̀-èdè bọ́ sí apá ọ̀tún. Bàbá wa fara dà á fún ìgbà díẹ̀, wọn a máa na ọrùn bí ògòǹgò kí wọ́n tó lè ya ọkọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wá páàtì irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí mẹkáníìkì gbé ìtọ́kọ̀ náà sí apá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wà á títí ojú wọn fi di bàìbàì. Ní ọdún 2016 ni wọ́n papò dà. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́. Mo fi tapólì bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sì ń sọ fún ara mi pé mò ń tọ́jú rẹ̀.

Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ló gbé ọ̀rọ̀ òrùlé dé. Àṣà kan ti wọ Èkó, tí ìyàwó tuntun a máa yọ jáde láti òrùlé ọkọ̀, tí yóò máa juwọ́ sí àwọn èrò bí olóṣèlú tó ń polongo ìbò. Ọmọ náà fẹ́ kí ọkọ̀ bàbá àgbà gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ juwọ́. Bàbá rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹjọ́ kalẹ̀ fún mi. Ó ní inú ọkọ̀ náà gbóná bí ààrò, nítorí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ní oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó, òjò kò ní rọ̀. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ọkọ̀ kò ka òrùlé rẹ̀ sí ohun mímọ́: ilé-iṣẹ́ Webasto ti ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1901, ti pẹ́ tó ti ń ṣe òrùlé aláṣọ tí ẹni tó bá fẹ́ lè ní kí wọ́n fi sí ọkọ̀ òun, ọ̀pọ̀ MGB GT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ṣé bàbá kọ́ ló gbé ìtọ́kọ̀ kúrò lápá ọ̀tún sí apá òsì? Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má kọ ‘aiye’ mọ́, pé ‘ayé’ ni kí wọ́n máa kọ? Kí ló dé tí ìyípadà wá di èèwọ̀ nígbà tó kan ọkọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fi èdè Yorùbá ṣe iṣẹ́ ṣe kò lè sọ pé òun kórìíra àtúnṣe. Àkọtọ́ tí a ń lò lónìí, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, àtúnṣe ni. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn pé Bíbélì ìyá ìyá wa, tí wọ́n tẹ̀ ní àkọtọ́ àtijọ́, ṣì wà lórí tábìlì mi, mo sì ń kà á láìsí ìdíwọ́. Àkọtọ́ tuntun kò fa ojú ewé kan ṣoṣo ya nínú rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìtọ́kọ̀ rí. Láti ilé-iṣẹ́ ni MGB ti ní ti apá òsì àti ti apá ọ̀tún. Bàbá wa kàn fi páàtì kan rọ́pò òmíràn ni, ẹni tó bá sì fẹ́ lè dá a padà lọ́la. Ṣùgbọ́n irin tí a bá ti gé, a ti gé e. Ọkọ̀ yìí kò sì ní ṣasí tó dá dúró; ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Bí a bá fi iná jó o padà, àpá yóò wà níbẹ̀ títí láé.

Mo rò pé mo ti borí. Àbúrò mi kò bá mi jiyàn. Lẹ́yìn oṣù méjì tí mo wí yẹn, ó tẹ̀ mí láago, ó ní kí a jọ lọ sí Owódé Onírin, kí a lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tó mọ irin.

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá Kẹ́tu àti Mile 12 ni yóò dé Owódé Onírin. Láti ọdún 2015 ni ọ̀nà àwọn ọkọ̀ BRT tó ń lọ sí Ìkòròdú ti gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n irin ni ìlú náà fi ń jẹun títí di òní. Orúkọ rẹ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wà nílẹ̀ tí wọ́n tò bí ẹni to iṣu sínú abà. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà tí wọ́n fi ti ògiri. Táyà ọkọ̀ àjàgbé, ọ̀pá irin, àti ìdajì ọkọ̀ tí ènìyàn kò mọ ibi tí ìdajì yòókù wọlẹ̀ sí. Iná àwọn ajórin ń ṣẹ́jú ní ọ̀tún àti ní òsì. Ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Odò Ògùn. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àmì ohùn kan péré ló pààlà sí àárín Ògún, òrìṣà onírin, àti Ògùn, odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà Èkó. Ní ọdún 2010, lẹ́yìn tí wọ́n tú omi ìsédò Ọyán sílẹ̀, odò náà kún kọjá bèbè, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nílé ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà yìí. Aládùúgbò ni Ògún àti Ògùn ní agbègbè yìí. Ẹni tó bá ń ṣòwò irin níbẹ̀ kò nílò ìwé kíkà kí ó tó mọ ohun tí omi lè fi irin ṣe.

Ọ̀gá tí àbúrò mi mú mi tọ̀ lọ ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Panẹbítà ni. Ó ní òrùlé kan nílẹ̀ tí wọ́n gé lódindi lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí iwájú rẹ̀ ti rún, gíláàsì òrùlé náà sì wà láìfọ́. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de ẹni tí yóò rí owó nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò fọwọ́ kan ayùn. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì béèrè pé, “Ibo ni omi máa gbà?”

Àbúrò mi ní ọ̀gẹlẹ̀ ni a fẹ́ lò ó fún. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ kan ni ìgbéyàwó, ọjọ́ ọkọ̀ láyé pọ̀. Ó wá ṣàlàyé ohun tí èmi kò mọ̀ rí. Ó ní kò sí òrùlé tó ń ṣí tí omi kì í wọ̀. Àwọn tó ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́ kò gbára lé rọ́bà nìkan láti lé omi padà. Wọ́n mọ̀ pé yóò wọlé, wọ́n sì ti ṣe ọ̀nà sílẹ̀ dè é. Gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ wà yí ihò náà ká, ọ̀pá rọ́bà wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gba inú òpó ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, tí yóò sì da omi sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó jókòó mọ̀. “Ẹ̀yin ń bi mí bóyá mo lè gé e,” ó ní. “Mo lè gé e kí ẹ tó mu omi tán. Ọ̀nà omi ni mo ń bi yín.”

Lẹ́yìn náà ló mú òòfà kékeré kan láti inú àpò rẹ̀, tó ń fi í rìn lórí òrùlé. Ó lẹ̀ mọ́ etí òrùlé gírígírí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó já bọ́. Ọ̀gá gbé e síwájú, ó tún lẹ̀. Ó fi ìka tọ ibi tó ti já bọ́, ìka rẹ̀ sì yí àárín òrùlé ká, bí ẹni ń ya àwòrán àpótí. Ó ní pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Ó tú aṣọ àjà láti inú. Ojú jíjó irin hàn gbangba, ó gùn, ó sì mọ́, iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

“Ẹnìkan ti ṣí òrùlé yìí rí,” ó ní, “ó sì ti dí i padà.”

N kò lè sọ̀rọ̀. Òrùlé tí mo ń jà fún pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kàn án, wọ́n ti gé e kí n tó mọ orúkọ ara mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a lọ bá màmá wa. Màmá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ni bàbá wa ti lu òrùlé náà, pé òrùlé aláṣọ ni wọ́n fi sí i, àti pé òun ni wọ́n ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà wá gbé àwọn jáde. Ìrì wẹ́wẹ́ ni òjò ibẹ̀, wọ́n ní, ó sì rọrùn láti fara dà. Ṣùgbọ́n òjò Èkó kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Ní ọdún 1973, ní ọjọ́ tí a gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsàmì, òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, aṣọ òrùlé sì fi àyè gba omi. Gèlè màmá wa rin, ọmọ náà rin gbindin. Màmá wa yíjú sí àbúrò mi. “Ìwọ ni,” wọ́n ní. “Ìsàmì méjì lo ṣe lọ́jọ́ náà: àlùfáà ṣe ọ̀kan, òjò ṣe èkejì. Àyà rẹ dí, a fi ọ̀sẹ̀ méjì sùn sí ọsibítù. Bí a ti dé ni bàbá rẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ajórin. Kò sọ ọ̀rọ̀ òrùlé mọ́ títí ó fi kú.”

Bí a ti jáde sí ìta, àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé bàbá ti ṣí i rí, a kò gé ohun tuntun mọ́. Ojú àpá ni a ó tọ̀. Kì í ṣe pé a ń ba ọkọ̀ bàbá jẹ́, a ń dá a padà sí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo gbìyànjú láti dáhùn, n kò rí èsì. Gbogbo ohun tí mo ti wí nípa irin tí a gé tí kò ṣeé dá padà ti di yẹpẹrẹ: wọ́n ti gé e, wọ́n ti dá a padà, mo sì ti jókòó lábẹ́ àpá náà láti kékeré láìmọ̀. Bàbá méjì ló wà nínú òrùlé kan ṣoṣo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá afẹ́fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti baba ọlọ́mọ tí òjò kọ́ lọ́gbọ́n ní Èkó. Èwo nínú wọn ni kí a gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Ní òru ọjọ́ náà ni ìbéèrè ọ̀gá panẹbítà padà sí mi lọ́kàn. Àwọn baba ńlá wa kò bẹ̀rù ihò lórí òrùlé. Agbo ilé àtijọ́ ṣí sí ojú ọ̀run láàárín. Òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dagun sí inú, òjò sì ń rọ̀ sí àgbàlá. Ní Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú irú ilẹ̀ àgbàlá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí í hú u ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957. Lóròó ni wọ́n to àpáàdì wọ̀nyí, tí wọ́n fún wọn mọ́ra, tí ilẹ̀ kò fi ní di ẹrẹ̀. Nínú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, ìkòkò a máa gba omi tí ilé yóò lò, ojú ìṣàn abẹ́ ògiri a sì máa kó ìyókù jáde. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti bá omi sọ̀rọ̀ kí ó tó mọ ògiri. Èdè wa náà kò ṣe yàtọ̀. Àlùbọ́sà wọlé sí i láti ọ̀dọ̀ Hausa, búrẹ́dì wọlé láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì ba ilé jẹ́, nítorí pé ọ̀nà ti wà tí wọn yóò gbà: a fi fáwẹ̀lì la kọ́ńsónáǹtì tó so pọ̀ láàárín, a fi ohùn lé sílébù kọ̀ọ̀kan lórí, wọ́n sì di ọmọ ilé. Mo wá rí i pé ìbéèrè tí mo ti ń bi àbúrò mi kò tọ̀nà. Bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ohun bàbá padà ni mò ń bi í. Ó yẹ kí n bi í, bí ọ̀gá ti bi wá, pé kí ni yóò gba ihò náà wọlé, àti ibo ni yóò gbà jáde.

Mo pè é ní òwúrọ̀. Mo ní bí ọ̀gá bá lè ṣe ọ̀nà omi tó dájú, n kò ní dí i lọ́wọ́ mọ́. A padà sí Owódé Onírin. Ọ̀gá wọn òpó ọkọ̀ náà wò. Ó ní ti ẹ̀yìn yóò gba ọ̀pá rọ́bà, ṣùgbọ́n ti iwájú tín-ínrín jù, òun kò lè búra fún un. Lẹ́yìn náà ló ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ sókè. Lábẹ́ ibẹ̀ ni a ti rí páńda méjì tí bàbá wa ní kí wọ́n jó mọ́ ọn láyé ọjọ́un, níbi tí omi òrùlé ti kọ́kọ́ jẹ irin. Páńda náà ṣì le. Ṣùgbọ́n yíyí wọn ká, irin ti dípáàrà, ó ń fọ́ lọ́wọ́ bí gúgúrú.

Ọ̀gá bi mí ibi tí ọkọ̀ náà ti ń gbé láti ìgbà tí bàbá ti kú. Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní tapólì tí mo fi bò ó wọlẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìwọ̀sí nínú, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Ẹ má bínú o, Dókítà. Òrùlé tí bàbá ṣí ba ọkọ̀ yìí jẹ́ díẹ̀. Èyí tí ẹ bò mọ́lẹ̀ bà á jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Àbúrò mi wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín. Inú rere rẹ̀ ni mo kà á sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọ̀gá pé kí ó fi òrùlé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó tí ó ti yà sọ́tọ̀ fún gíláàsì, àti owó tí mo fi kún un, ilẹ̀ ọkọ̀ ni a fi tún ṣe. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ pátápátá, ìyàwó tuntun na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó sì juwọ́ títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbóná nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ náà kò sì fi bò: ó sọ fún gbogbo ẹni tó bi í.

N kò fi tapólì bo ọkọ̀ náà mọ́. Èmi a wà á ní Sátidé kan, àbúrò mi a wà á ní èkejì. Nínú àpò ìwé ọkọ̀ náà ni mo fi bébà kan sí, tí mo kọ ibi tí wọ́n ti ṣí òrùlé náà sí i, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n dí i àti ohun tó fà á. Bí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ bá fẹ́ tún un ṣí, mo fẹ́ kí ó ka bébà náà, kí ó sì wá ọ̀nà omi kí ó tó gbé ayùn.